Ẹyẹ Kejìlá Lára Ògiri Tillcott

Ẹyẹ mọ́kànlá ni Tinúkẹ́ kà lára ògiri ilé àtijọ́ kan ní Padua láàárọ̀ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ méjìlá ni wọ́n fi sílẹ̀ lánàá.

Ó tún un kà. Ó na ìka bí ọmọdé, ó kà á láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, ó sì kà á padà láti ẹnu ọ̀nà wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mọ́kànlá ni. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ṣí fọ́tò tí wọ́n yà ní ìrọ̀lẹ́ àná kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Nínú fọ́tò, ẹyẹ kan wà lórí ẹ̀ka kẹta lápá ọ̀tún, ó yí ọrùn sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n pè. Lára ògiri, ẹ̀ka náà wà níbẹ̀, ẹ̀gún ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ewé mẹ́ta tó bo ìrù ẹyẹ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹyẹ nìkan ni kò sí. Bébà ibẹ̀ kò ya, kò bó, kò tutù. Ó kàn funfun, bí ibi tí ẹnì kan jókòó sí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, obìnrin tí ìjọba yàn láti máa bójú tó àwọn ilé àtijọ́ máa wọlé wá pẹ̀lú Signora Chiara, ọ̀gá wọn. Yóò wo ògiri náà, yóò fi wé ìwé ọwọ́ rẹ̀, yóò sì buwọ́ lùwé pé iṣẹ́ ti parí. Bí ẹyẹ bá dín, kò ní buwọ́ lu nǹkan kan. Contratto tí Signora Chiara ti ṣèlérí, ìyẹn iṣẹ́ gidi tí kò ní ọjọ́ ìparí, irú èyí téèyàn fi ń tún permesso, ìwé ìgbé ìlú, ṣe láìsí wàhálà, máa wọmi nìyẹn. Contratto náà ò sì ju ẹyọ kan lọ. Àwọn méjì ni wọ́n ń retí ẹ̀.

Ẹnì kejì ni Ẹ̀rínọlá, ọmọ àbúrò ìyá Tinúkẹ́. Tinúkẹ́ fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Ọmọ ogún ọdún ni Tinúkẹ́ nígbà tó dé Turin, ilẹ̀ ló sì ń nù nílé iṣẹ́ Signora Chiara, níbi tí wọ́n ti ń tún bébà ara ògiri àwọn ilé olówó àtijọ́ ṣe. Kò sẹ́ni tó pè é jókòó láti kọ́ ọ. Ó ń nu ilẹ̀, ó ń wo ọwọ́ wọn. Ó wo bí wọ́n ṣe ń ro gọ́ọ̀mù lórí iná títí á fi dán, ó wo bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ̀ bóyá bébà ti gbẹ. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ò wá, ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ó di ọdún mẹ́jọ báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Signora Chiara lọ́dún tó kọjá kó gba Ẹ̀rínọlá, nígbà tí ọmọ náà jókòó sílé ìyá rẹ̀ ní Modena tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ẹ̀rínọlá ti wà ní Italy láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Italian ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Oṣù mẹ́ta péré ló lò tó fi ń ya irú ewé tó gba Tinúkẹ́ ní ọdún márùn-ún.

Òun ló wọlé báyìí, ó gbé ife caffè méjì dání, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn.

"Àǹtí Tinú, ẹ wá gba tiyín, ó ti ń tutù."

"Wá bá mi ka ẹyẹ."

Ẹ̀rínọlá kà á, ètè rẹ̀ ń mì. "Mọ́kànlá." Ó tún kà á. "Boh. Bóyá ọ̀kan lọ jẹun."

Tinúkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. "Ta ló nu apá ibẹ̀ kẹ́yìn?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo fi nù ún, àǹtí. Ẹ̀yin lẹ di àkàbà mú fún mi, ẹ sì rí mi." Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó sún mọ́ ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án. "Kò tiẹ̀ sí eruku ọ̀dà nílẹ̀. Àǹtí, ó dà bí pé wọn ò yà á síbẹ̀ rí."

"Wọ́n á ní ìwọ lo nù ún kúrò."

"Èmi?"

"Ta ni wọ́n tún máa sọ?"

Ọmọ náà tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó ń wò ó. "Ẹ jẹ́ kí n yà á. Wákàtí méjì. Mo mọ ẹyẹ yẹn lórí, mo lè di ojú yà á."

Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ló sì dun Tinúkẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó lọ da omi búrọ́ọ̀ṣì nù lágbàlá, ó bá Signora Chiara, tó fẹ́ padà sí Turin, lórí fóònù. Signora náà kọ ẹ̀yìn sí i, kò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ọwọ́ ọmọ kékeré yẹn, irú ọwọ́ téèyàn ò lè kọ́ ẹlòmíràn ni. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ bi í léèrè nǹkan kan. "Èkejì?" ni Signora Chiara wí. "Èkejì ń gbìyànjú."

Ọdún mẹ́jọ. Ó ń gbìyànjú. Tinúkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sùn, ó gbé e jí, ó sì gbé e wá síwájú ògiri yìí.

"Èmi ni màá yà á," ló wí. "Ìwọ lo gbọ́ Italian, lọ pàdé wọn ní stazione, níbùdókọ̀ tìréènì, kí o bá mi gba bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yunifásítì. Tí wọ́n bá dé, rọra máa mú wọn bọ̀. Fi Padua hàn wọ́n."

"Signora Chiara mọ Padua jù mí lọ."

"Nígbà náà jẹ́ kó fi hàn ọ́."

Ẹ̀rínọlá rẹ́rìn-ín. Ó ní àmì dúdú kékeré kan nínú funfun ojú òsì, bí ẹni fi ẹnu píńnì kán tàdáwà sí i, tó bá sì ń rẹ́rìn-ín, àmì náà a máa sá wọ abẹ́ ìpéǹpéjú. "Ẹ ṣé, àǹtí mi," ló wí. "Ẹ ti gbà mí." Ó rò pé nítorí òun ni.

Ó kúrò, ó sì ku Tinúkẹ́ nìkan pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ Tillcott.

Ambrose Tillcott kì í ṣe ará Italy. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni, ayé Ọbabìnrin Victoria ló gbé. Signora Chiara ti sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán lórí agolo ọ̀dà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ojú èèyàn lè sinmi lé nínú ilé ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń dárà sí: bébà ògiri, kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ ojú fèrèsé, àwo tíì. Àwọn olówó ìlú London ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́dún 1887, oníṣòwò sílíkì kan ránṣẹ́ pè é wá sí Padua láti ṣe yàrá àlejò rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì ya ẹyẹ méjìlá sínú igbó ẹ̀gún. Lẹ́yìn yàrá yẹn, kò ya nǹkan mìíràn mọ́ títí ó fi kú. Ẹyẹ àti ẹ̀gún nìkan, lógún ọdún ó lé. Ẹyẹ àti ẹ̀gún yìí náà ló sì tan orúkọ rẹ̀ kálẹ̀. Ó wà lára ife, lára bàágì, lára èèpo fóònù lónìí. Àwọn tó ń lò ó ò mọ̀ pé ẹnì kan ló yà á.

Ìgbà tí Tinúkẹ́ kọ́kọ́ rí ògiri náà, ojú ẹsẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ankara ìyá rẹ̀ ni. Àwọn tó ń tẹ ankara ti jí àwòrán náà lò nígbà kan, wọ́n yí i sí búlúù àti pupa, ó sì dé ọjà, ó dé ilé wọn. Aṣọ yẹn ni ìyá rẹ̀ fi ń pọ̀n ọ́n. Ó rántí ẹyẹ kan tó máa ń dọ́gba pẹ̀lú ojú rẹ̀ létí aṣọ náà, tí yóò máa wò ó títí oorun á fi gbé e lọ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n bí Ẹ̀rínọlá, ìyá Tinúkẹ́ sì ká aṣọ náà, ó gbé e fún àbúrò rẹ̀ pé kó máa fi pọn ọmọ tuntun. Tinúkẹ́ sunkún títí ó fi bì. Wọ́n rò pé ibà ni, wọ́n fún un lóògùn.

Ó gé lára bébà tó ṣẹ́ kù nínú àpò irinṣẹ́, kò sì dúró de ti Ẹ̀rínọlá. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ́ síbi tó ṣófo. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá fi kún iṣẹ́ àtijọ́, kó jẹ́ ohun tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lè mú kúrò, nítorí náà ọ̀dà olómi ló pò. Ó ń po ọ̀dà náà lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì nínú yàrá kejì.

Kì í ṣe ìró ńlá. Fírí, fírí, a dákẹ́ díẹ̀, wọ́n a fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì kan etí ife lẹ́ẹ̀mejì, fírí a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí máa mọ̀ pé ọ̀gá ló wà nídìí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Tinúkẹ́ wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ẹnu rẹ̀ ló sáré sọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, èèyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i, kódà kó jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń jà. Láti kékeré ni wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé bó bá gbọ́ ìpè tí kò rí ẹni tó pè é, kó má jẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un nípa kíkí ẹni tí kò rí.

Ìró náà dúró.

"Oò," ni ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri. "Ìwọ náà kú iṣẹ́."

Ohùn bàbá àgbàlagbà ni, Yorùbá rẹ̀ dán, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Inú Tinúkẹ́ dùn. Ọmọ Yorùbá wà níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́ káàkiri Padua. Ó rò pé àwọn tó ń tún iná ilé ṣe ló gba ọ̀kan.

"Mi ò mọ̀ pé ọmọ ilé wa wà níbí, bàbá."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbí. Ṣé iṣẹ́ ń lọ?"

"Ó ń lọ, sà. Wọ́n fẹ́ kó parí kí aago mẹ́rin tó lù."

"Tó bá parí, ta ni wọ́n máa yìn?"

Búrọ́ọ̀ṣì Tinúkẹ́ dúró lẹ́nu ife. Ó yẹ kó bi í léèrè ìdí tó fi béèrè. Ohun tó dùn ún ló kọ́kọ́ jáde. "Àbúrò mi. Òun ni wọ́n máa ń yìn."

"Ìwọ lo mú un wá."

"Èmi ni mo mú un wá."

"Ìwọ lo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú."

"Èmi ni, sà. Ọjọ́ tó dé, ó dì í mú bí ṣíbí."

Ohùn náà rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, Tinúkẹ́ náà sì rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti gbọ́ ọ yé bẹ́ẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ẹ̀rínọlá."

"Ìyẹn ni gbogbo ayé mọ̀. Mo ní, kí ni wọ́n ń fi kì í nígbà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀?"

Ní gbogbo Italy, ẹni méjì ló mọ oríkì Ẹ̀rínọlá: ìyá rẹ̀ ní Modena, àti Tinúkẹ́. Tinúkẹ́ kì í pè é àfi tí ara ọmọ náà ò bá yá, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́ tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó mọ̀ pé wọn kì í ju irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ àlejò. Ó mọ̀ ọ́n dájú, bó ṣe mọ̀ pé iná ń jóni.

Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. "Àyìnkẹ́," ló wí.

Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ á wo fọ́tò, orí rẹ̀ á wọn ún, ọwọ́ rẹ̀ á wá máa rọ́ tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ yìí, ọwọ́ ló ṣáájú. Ó fa àyà ẹyẹ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò gbọ̀n. Ó fa ìyẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ náà sì ní ìwúwo. Nínú yàrá kejì, ìró búrọ́ọ̀ṣì ti tún bẹ̀rẹ̀, fírí fún fírí ni ó ń bá ti Tinúkẹ́ rìn. Lẹ́nu rẹ̀, ó ń sọ oríkì náà lábẹ́lẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Nígbà tó sọ búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, aago kan ọ̀sán ti kọjá. Ẹyẹ náà kò yí ọrùn sẹ́yìn bíi ti inú fọ́tò. Iwájú ló kọjú sí, Tinúkẹ́ gan-an ló ń wò. Nínú funfun ojú òsì rẹ̀, àmì dúdú kékeré kan wà níbẹ̀.

Tinúkẹ́ rí i. Ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó gbé e dé ibẹ̀, ó sì dá a dúró. Ẹyẹ náà dára. Òun ló yà á.

Ó mú ìgò omi kan, ó ní òun á gbé e fún bàbá náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kejì, ó sì yára gbá férémù rẹ̀ mú. Yàrá náà kò ní ilẹ̀. Láti ògiri dé ògiri, igi gbọọrọ mẹ́ta tó ti jẹrà nìkan ló dábùú ibẹ̀, Tinúkẹ́ sì ń wo àwókù pákó nísàlẹ̀ pátápátá. Kò sí ibi tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Òórùn ọ̀dà tútù ló ń jáde.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Ornella, ìyá arúgbó tó ń ṣọ́ ilé náà, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkè, ẹ̀gbẹ́ tiwa?"

"Ilẹ̀ yàrá yẹn ti já láti ogójì ọdún." Ornella gbé ojú sókè. "Ṣé o gbọ́ nǹkan ni?"

"Rárá."

"Ṣé o dá nǹkan lóhùn?"

"Mi ò dáhùn," ni Tinúkẹ́ wí. Kò parọ́ níbẹ̀. Ìkíni ló kí.

Aago mẹ́rin lù, wọ́n dé. Tinúkẹ́ sọ fún wọn pé ẹyẹ kan ti bó kúrò, àwọn sì ti tún un yà. Signora Chiara mi orí, ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè àwọn onímọ̀ fún obìnrin ìjọba náà. Obìnrin yẹn ka ẹyẹ, iye wọn nìkan ló wà nínú ìwé rẹ̀, ó buwọ́ lùwé, ó wá padà síwájú ẹyẹ kejìlá, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un fi sí.

"Nínú gbogbo wọn," ló wí, "èyí nìkan ló dà bí pé ó ń mí. Ta ló yà á?"

Ojú Signora Chiara lọ tààrà sọ́dọ̀ Ẹ̀rínọlá, láìtiẹ̀ rò ó.

"Lei," ni Ẹ̀rínọlá wí, ó fi ẹ̀rín nàka sí Tinúkẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo sọ fún yín, Signora. Mo sọ pé ẹ ò tíì rí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀."

Signora Chiara wo Tinúkẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Ọdún mẹ́jọ ni Tinúkẹ́ ti ń dúró de ìwò yẹn. Ó gbà á, ó dùn mọ́ ọn títí dé ẹsẹ̀.

Wọ́n wọ tìréènì padà sí Turin. Ní Verona, Ẹ̀rínọlá sọ̀ kalẹ̀ sí pèpéle láti ra tíì, ó gbé ife kan wá fún Tinúkẹ́. Bó ṣe nà án sí i, ife náà bọ́. Kò kọsẹ̀, kò sì jù ú. Ìka rẹ̀ kàn ṣí.

"Ọwọ́ mi sùn," ló wí, ó ń fi ọwọ́ òsì nu sòkòtò rẹ̀. "Ẹ má bínú, àǹtí."

"Mì ín."

"Mo ń mì ín."

Kò mì. Ọwọ́ náà wà lórí itan rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ lókè, bí nǹkan tí ẹlòmíràn gbàgbé sórí àga. Ó gbójú sókè wo Tinúkẹ́, ó fẹ́ fi rẹ́rìn-ín. Funfun ojú òsì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àmì ibẹ̀ ti lọ.

Àwọn dókítà wo iṣan, wọ́n wo ọrùn, wọ́n wo ọpọlọ. Wọn ò rí nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Modena. Àwọn ará ìjọ gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, pásítọ̀ fòróró sí i lọ́wọ́. "Ó dà bí ọwọ́ oníwàásù báyìí, ó ń dán," ni Ẹ̀rínọlá wí lórí fóònù, Tinúkẹ́ sì gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń bá a wí lẹ́yìn. Òun kọ́ ló sunkún lọ́jọ́ yẹn, ìyá ni. Láàárín ìyẹn, Signora Chiara gbé contratto jáde, Tinúkẹ́ sì fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n tún permesso rẹ̀ ṣe láìsí wàhálà.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, wọ́n rán an padà sí Padua kó lọ kó àkàbà tó kù. Ornella ti gbọ́ nípa ọmọ náà. Ó fa àga fún Tinúkẹ́, kò sì fi ọ̀rọ̀ yípo.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni?"

"Ọwọ́ ọ̀tún ni."

"Ìyá àgbà ìyá mi ń jẹ́ Nella," ni arúgbó náà wí. "Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì yẹn gbà á láti máa bá a po ọ̀dà. Oṣù díẹ̀, ó ti ń ya ẹyẹ jù ú lọ. Àwọn èèyàn oníṣòwò náà á wọlé, ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Ẹyẹ mọ́kànlá nínú yàrá yẹn, Nella ló yà wọ́n. Ọ̀kan péré ni Tillcott fúnra rẹ̀ yà, ó ń pe orúkọ Nella sí i bó ṣe ń yà á. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ọmọ náà kú. Mo mọ̀ ọ́n, ó dàgbà kó tó lọ. Ọwọ́ òsì ló fi ń bọ́ mi."

"Ẹyẹ tó wà lórí ẹ̀ka kẹta."

"Ìyẹn. Bí ẹni méjì bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ọ̀kan bá ń ṣe ìlara èkejì, ẹyẹ yẹn máa ń yẹra kí onílara náà ráyè ya tirẹ̀. Wọ́n rí i lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ogun, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti Verona. Ẹ̀gbọ́n ya tiẹ̀, ọwọ́ àbúrò kú, ẹ̀gbọ́n nù ún kúrò kí ọjọ́ náà tó ṣú, àbúrò rẹ̀ gbádùn. Ẹ̀ka ṣófo fún ọdún kan, lẹ́yìn náà ẹyẹ àtijọ́ padà wá."

"Kí ló gbà?"

"Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Fóòmù." Ornella na ọwọ́ sí ìkòkò tó wà lórí iná. "Ẹni tó yà á ló gbọ́dọ̀ nù ún. Tillcott mọ̀. Gbogbo ọdún ló ń wá láti London, á jókòó síwájú ògiri pẹ̀lú omi nínú àwo, á máa wò ó, omi á tutù, á padà lọ. Ó ń lọ sílé lọ yà á kiri, lára aṣọ, lára àwo, bóyá ó rò pé bí òun bá yà á tó, á di tòun."

Tinúkẹ́ gbé omi náà gòkè. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó rẹ fóòmù, ó fún un. Ẹyẹ náà ń wò ó. Ó ro bó ṣe máa rí: ẹ̀ka tó ṣófo fún ọdún kan, obìnrin ìjọba náà pẹ̀lú ìwé rẹ̀, Signora Chiara tó máa bi í pé ta ló ba ògiri jẹ́. Ó rò ó pé Ẹ̀rínọlá á gbádùn, á padà wá, á sì gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ìrònú náà dúró sí nìyẹn. Kò kọjá ibẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ sókè títí omi fi kán sí apá rẹ̀.

"Kú iṣẹ́ o," ni ohùn náà wí láti yàrá kejì, ó rọ̀, ó dà bí ẹni tó ti ń retí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ṣé kí n fà sẹ́yìn fún ọ, kí ìwọ náà ráyè jókòó?"

Tinúkẹ́ dúró títí omi inú àwo fi tutù. Lẹ́yìn náà ó dà á nù lójú fèrèsé, ó kó àkàbà, ó bá tìréènì aago márùn-ún.

Ẹ̀rínọlá ń ṣiṣẹ́ ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, ní Piacenza báyìí, ọwọ́ òsì ló fi ń di ẹ̀rọ tó ń ka àmì ara páálí mú. Ó máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, wọ́n a sọ̀rọ̀, wọ́n a rẹ́rìn-ín. Tinúkẹ́ ló ni contratto. Ẹyẹ méjìlá ló wà lára ògiri náà ní Padua, Tinúkẹ́ sì ti lọ jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwo omi lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún yìí.